Mẹ́dàlì ogun Bọ́mà àti àwo idẹ tó ń bo ìkòkò iyọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ìsánlú (Sátidé, 7:12 àárọ̀)

Okun o, gbogbo ilé.

A sin ẹ̀gbọ́n bàbá mi lóṣù tó kọjá. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́, a bá àpótí páànù kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tiwọn, ti bàbá wa àgbà ni, ẹni tó lọ ogun Hítílà ní Bọ́mà. Mẹ́dàlì mẹ́rin ló so rọ̀ sára irin kan ṣoṣo, ìràwọ̀ méjì, róbótó méjì. Ríbọ́ọ̀nù wọn ti gbó, kòkòrò ti jẹ ọ̀kan dé ìdajì. Mo yí etí wọn wò títí, n kò rí orúkọ bàbá wa níbì kankan.

Ìkarùn-ún ló dà mí láàmú jù. Kò sí nínú àpótí. Ilé ìdáná màmá wa ló wà: àwo idẹ kan tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, tí wọ́n fi ń bo ìkòkò iyọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Obìnrin kan dúró lára rẹ̀, kìnnìún wà níwájú rẹ̀, orúkọ òyìnbó kan sì wà lókè orí kìnnìún náà. Ó ti hu ewé ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọ̀ ewéko tó rí bí ìyẹ̀fun.

Ọkùnrin kan wá láti Ìlọrin, ó ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀ ní ₦60,000. Àwọn àbúrò mi ní ká gbà á. Ọjọ́bọ̀ ló ní òun ń padà bọ̀. Kí ni ká ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ fi Brasso, oògùn tí a fi ń dán idẹ, nù wọ́n ná kí owó lè lé sí i?

Ará Kàbà (7:31)

Má fi Brasso kàn án. Má tíì tà á. Mò ń bọ̀.

Mopà Ni Tiwa (7:58)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Mẹ́dàlì tí kò ní orúkọ, ayédèrú ni. Ti bàbá tó bí ìyá mi, nọ́ńbà wọn àti orúkọ wọn wà létí rẹ̀ gbangba, a ṣì ń fọwọ́ kàn án títí di òní. Tí ẹnì kan bá gbé ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún wá, ẹ gbà á kí ojú rẹ̀ tó là.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀ (8:20)

Ta ni ń ra Brasso? Eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni. Ẹ fi kàǹkàn rọra fọ̀ ọ́, yóò máa dán bí ojú dígí. Ìyá ọkọ mi máa ń fọ idẹ ilé wọn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún Kérésì.

Akómẹ́dàlì (9:47)

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀, ẹ má bínú sí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ idẹ ni. Ohun tó ń dán yẹn, ara tuntun ni, torí pé ara àtijọ́ ti bá omi ọsàn lọ. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, imú obìnrin yẹn yóò tẹ́, ẹ ò sì ní lè dá a padà.

Mopà, ibi kan lo ti gbà á, o ṣì í níbi kejì. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ogun 1914 sí 1918 ni bàbá tó bí ìyá rẹ lọ. Mẹ́dàlì ogun yẹn ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tẹ nọ́ńbà, orúkọ àti ẹgbẹ́ ológun sí létí. Nígbà tí ogun Hítílà parí, wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ti Ọsirélíà, ti Íńdíà àti ti Gúúsù Áfíríkà ní orúkọ. Tiwa ní Nàìjíríà, etí rẹ̀ dán lásán ni. Kódà tí mo bá rí ìràwọ̀ Bọ́mà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ Yàgbà sí lẹ́yìn, ìgbà yẹn gan-an ni ara mi máa ń fu. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó ni ín ló gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ, ó sì lè jẹ́ pé oníṣòwò ló kọ ọ́ lánàá.

Ọmọ Ìsánlú, mú fóònù rẹ, fi kámẹ́rà rẹ̀ fa mẹ́rin yẹn súnmọ́ra, kí o wò wọ́n. Ìràwọ̀ méjèèjì ní igun mẹ́fà-mẹ́fà. Ọ̀kan, wọ́n kọ THE 1939-1945 STAR yí àárín rẹ̀ ká, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ sì pín sí mẹ́ta dọ́gbadọ́gba: búlúù tó ki, pupa, búlúù tó mọ́. Èkejì ni THE BURMA STAR. Pupa tó gbòòrò ló wà láàárín ríbọ́ọ̀nù tirẹ̀, búlúù tó ki wà lọ́tùn-ún lósì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ ọsàn sì la àárín búlúù kọ̀ọ̀kan. Róbótó tí ọba orí rẹ̀ kò dé adé ni Defence Medal. Èyí tó dé adé, tí kìnnìún sì dúró lé dírágónì olórí méjì lẹ́yìn rẹ̀, War Medal nìyẹn. Bí mo ṣe kà wọ́n tẹ̀ léra yìí ló yẹ kí wọ́n tẹ̀ léra lórí irin.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé wúrà ni ìràwọ̀. Bàbà tí wọ́n po mọ́ síńkì ni. Róbótó náà kì í ṣe fàdákà, bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì ni. Wọ́n ṣe wọ́n lọ́pọ̀ yanturu, nítorí náà ẹni tó bá rò pé Burma Star kan yóò ra ilẹ̀ fún òun ní Lọ́kọjá ń tan ara rẹ̀ jẹ. Níwọ̀n bí orúkọ kò ti sí lára rẹ̀, ìwé nìkan ló lè sọ ẹni tó ni ín. Ẹ tú ìsàlẹ̀ àpótí yẹn dáadáa: ìwé ìtúsílẹ̀, ìwé owó oṣù, fọ́tò, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ nọ́ńbà sí. Nọ́ńbà ṣọ́jà Nàìjíríà ìgbà náà máa ń ní NA níwájú.

Àwo idẹ yẹn ló ń jó mi lọ́kàn. Bá mi fi rúlà wọ̀n ọ́n kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Kí o sì gbé e kúrò lórí iyọ̀ LÓNÌÍ.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì (10:30)

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, mo ń kà yín. Mẹ́dàlì ṣọ́jà gbọ́dọ̀ dán. Nígbà tí mo wà nínú iṣẹ́, tí idẹ rẹ bá ṣókùnkùn níbi ìtò, ìyà ló ń jẹ ẹ́. Ní gbogbo 15 January, ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, tí àwa Lígíọ̀n, ẹgbẹ́ àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìntì, bá ń jáde, òru ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń fi Brasso nu tèmi. Ta wá ni Akómẹ́dàlì tó ní kí a má dán an?

Akómẹ́dàlì (10:52)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ̀yin lẹ wọ̀ ọ́, tiyín ni, ẹ dán an bó ṣe wù yín. Ti bàbá tó ti sùn ni mò ń sọ. Bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bọ́ ọ sílẹ̀ kẹ́yìn ni kí a fi sílẹ̀. Aṣọ òwú gbígbẹ nìkan ni kí wọ́n fi nù ún, kí wọ́n sì jẹ́ kí ọwọ́ wọn gbẹ.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì (10:55)

Ó dáa. Mo gbọ́.

Ọmọ Ìsánlú (Sátidé, 4:16 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tú àpótí náà tán. Lábẹ́ bébà tí wọ́n tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìwé pélébé kan wà níbẹ̀, ikán ti jẹ igun rẹ̀. NA wà níwájú nọ́ńbà lóòótọ́! Orúkọ bàbá wa ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n ṣì í kọ, ṣùgbọ́n tiwọn ni. Wọ́n kọ ilà ojú wọn sí i pẹ̀lú, ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti òòtẹ̀ àtàǹpàkò tó ti di bí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ. N kò rí ojú bàbá yẹn rí. Mo dijú fún ìgbà díẹ̀.

Aṣọ kékeré aláwọ̀ yẹ́lò kan tún bọ́ sílẹ̀ látinú ìwé náà. Aláǹtakùn dúdú ni wọ́n yà sí i.

Àwo idẹ: mo gbé rúlà lé e, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 géérégé.

Ará Kàbà (4:40)

Aláǹtakùn! Ẹ̀ka 81 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn. Àwọn ni wọ́n gba àfonífojì Kaladan kọjá ní 1944, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò, tí orí ènìyàn ń ru ẹrù, tí ọkọ̀ òfuurufú ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn látòkè. Bàbá tiwa ní Kàbà máa ń sọ pé ẹrù tí àwọn gbé lórí ní Bọ́mà ju iṣu tí àwọn gbé láyé àwọn lọ. A rò pé àsọdùn ni.

Aṣọ yẹn, àbúrò, ṣọ́ ọ ju mẹ́dàlì lọ. Mẹ́dàlì wà káàkiri, aṣọ ló ṣọ̀wọ́n. Fi sínú bébà funfun, má fi sínú náílọ́ọ̀nù.

Akómẹ́dàlì (5:25)

12 géérégé! Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn.

Ohun tó wà lórí iyọ̀ yín ni àwo ìrántí tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn tó kú nínú ogun àkọ́kọ́. Wọ́n dà á ju mílíọ̀nù kan lọ. Edward Carter Preston, ará Liverpool, ló yàwòrán rẹ̀, òun ló gbégbá orókè níbi ìdíje tí àwọn tó lé ní 800 kópa. Àwọn òyìnbó fúnra wọn sọ ọ́ lórúkọ burúkú, kọ́bọ̀ òkú. Wo àwọn nǹkan wọ̀nyí lára rẹ̀, kí o sì dá mi lóhùn: ṣé wọ́n kọ HE DIED FOR FREEDOM AND HONOUR yí i ká? Ṣé ẹja dólífìnì méjì wà níbẹ̀? Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ṣé kìnnìún kékeré kan ń fa ẹyẹ idì ya? Lókè àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú kìnnìún ńlá, ṣé lẹ́tà wínníwínní E.CR.P wà níbẹ̀? Ṣé orúkọ òyìnbó náà yọ sókè, tàbí wọ́n gbẹ́ ẹ wọlé?

Ìdí tí mo fi ní kí o wọ̀n ọ́n ni pé ẹni tó bá fẹ́ dá ayédèrú máa ń fi ojúlówó ṣe àpẹẹrẹ, yóò da idẹ sínú rẹ̀. Idẹ sì máa ń sún kì bó bá ti ń tutù. Ayédèrú á kéré sí ojúlówó, ojú obìnrin náà á sì rọ̀ bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò.

Ó ku ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ewé tó dúró pinpin, tó le, tó sì dán, ara idẹ nìyẹn, fi sílẹ̀. Èyí tó rí bí ìyẹ̀fun, tó ń bọ́ sílẹ̀ tí o bá fọwọ́ kàn án, àìsàn ni. Iyọ̀ ti wọnú idẹ, tí ọ̀rinrin bá ti kàn án, yóò máa jẹ ẹ́ lọ láti inú wá. Má fi omi fọ̀ ọ́. Fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ gbọn ìyẹ̀fun náà dànù, kó gbẹ. Wá ike tó ní ọmọrí dáadáa, kó àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin, tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, sí i, kí o gbé àwo náà sínú rẹ̀, kí o sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Tí ìyẹ̀fun náà bá tún jáde, gbé e lọ fún àwọn tó ń tọ́jú irú rẹ̀ ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ìyá Ẹ̀gbẹ̀ (5:50)

Háà. Kí ẹ wá jẹ iyọ̀ láti inú ìkòkò yẹn fún ogójì ọdún?

Ọmọ Ìsánlú (6:02)

Ìyá, ó ju ogójì lọ. Ara wa le.

Bùnú L'Ékòó (9:14 alẹ́)

Ẹ dákun, ìbéèrè kékeré. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kú sí Bọ́mà, wọn ò padà wálé. Kí ló dé tí wọn ò fún ìdílé wa ní àwo bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n rẹ́ wa jẹ ni? Bàbá mi náà ní mẹ́dàlì idẹ kan tí wọ́n kọ UN sí, ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ búlúù pẹ̀lú ìlà funfun, irin kékeré tó wà lórí ríbọ́ọ̀nù náà ní CONGO.

Ará Kàbà (9:33)

Lórí àwo, rárá. Ogun àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n dà á fún. Ti ogun kejì, bébà tí wọ́n kọ orúkọ ọba sí ni àwọn ìdílé ní Ìlú Ọba gbà. Ṣùgbọ́n wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàárè àwọn ṣọ́jà tó kú sógun, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gba owó. Tẹ orúkọ wọn sí i, kí o sì tẹ̀ ẹ́ lóríṣiríṣi ọ̀nà tí òyìnbó lè gbà ṣì í kọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tiwa tí a kò mọ sàárè wọn ni orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial, ibi ìrántí ní Taukkyan, ní Bọ́mà níbẹ̀.

Ti bàbá rẹ, Kóńgò ni, ṣọ́jà Nàìjíríà wà níbẹ̀ láti 1960 títí di 1964. Ríbọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n pa á dà sí aláwọ̀ ewé. Bóyá bàbá ti tètè lọ.

Bùnú L'Ékòó (9:41)

Wọ́n ní 1961. Ẹ ṣeun.

Ojú Lalákàn (Àìkú, 1:20 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kan òfin. Títa ohun àtijọ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Nàìjíríà! Òfin 1979 wà. Àjọ ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lè ti ẹni tó rà á àti ẹni tó tà á mọ́lé.

Lọ́yà Ìjùmú (2:05)

Ẹ rọra. Òfin yẹn wà lóòótọ́, ó sì le. Àwọn aṣojú tí àjọ náà fọwọ́ sí nìkan ló lè máa ra ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì gbọdọ̀ kúrò nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ tó pilẹ̀ láti ilẹ̀ wa, tí wọ́n ṣe kí 1918 tó dé, àti àwọn ohun tí a ń lò fún ìbílẹ̀, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dá lé. Mẹ́dàlì tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe lẹ́yìn 1945 kì í ṣe ère Ẹsìẹ́. Ìdílé lè tà á. Èmi ò ní tà á, àmọ́ wọn ò ní tì yín mọ́lé.

Ohun tó yẹ kó ká yín lára ni pé ta ló ni ín. Ogún ìdílé ni. Tí àwọn àbúrò rẹ bá tà á láìjẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ gbọ́, ẹjọ́ yóò dé ààfin kó tó dé kóòtù.

Ojú Lalákàn (2:11)

Síbẹ̀, èmi ò lè tà á fún ará Ìlọrin tí mi ò mọ̀ rí.

Lọ́yà Ìjùmú (2:13)

Lórí ìyẹn, ohùn wa ṣọ̀kan.

Olùkọ́ Ìtàn (Àìkú, 8:45 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Owé àti Bùnú pàápàá, ẹ tún àpótí àwọn bàbá yín yẹ̀ wò. Ní January 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì, gbéra ní Lọ́kọjá, Kàbà ni wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí, torí pé àwọn ọmọ ogun Núpé pàgọ́ sí ìhà ibẹ̀, kí wọ́n tó yí sí Bídà. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe mẹ́dàlì lẹ́yìn ìgbà náà. Ọbabìnrin Victoria wà níwájú rẹ̀, PAX JUS ARS wà lẹ́yìn. Èyí tó jẹ́ fàdákà ni ti àwọn ọmọ wa tó jẹ́ ọlọ́pàá ilé-iṣẹ́ náà.

Akómẹ́dàlì (9:02)

Olùkọ́, ìdàkejì rẹ̀ ni. Fàdákà ni ti òyìnbó, NIGERIA 1886-1897 sì wà lórí irin ríbọ́ọ̀nù rẹ̀. Idẹ ni ti ọmọ ilẹ̀, NIGERIA lásán ni wọ́n kọ sí i. Ẹni tó bá rí èyí tó jẹ́ idẹ nínú àpótí bàbá rẹ̀, kó má fi han ẹnikẹ́ni tó bá gun ọ̀kadà wá. Èmi gan-an, mo ti ń kó mẹ́dàlì jọ ju ogún ọdún lọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ mi kàn án.

Olùkọ́ Ìtàn (9:10)

Mo gba àtúnṣe. Ìtìjú ńlá fún ẹni tó ń kọ́ ọmọ.

Ọmọ Ìsánlú (Ọjọ́bọ̀, 6:38 ìrọ̀lẹ́)

Okun o. Mo ní láti jábọ̀.

Àwo idẹ yẹn, ojúlówó ni. Mo rí dólífìnì, mo rí kìnnìún tó ń fa idì ya, E.CR.P wà níbẹ̀ wínníwínní, afi ìgbà tí mo tan iná fóònù lé e kí n tó rí i. Orúkọ náà yọ sókè. Kò sí ipò ológun lára rẹ̀.

Mo bi màmá bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí bàbá wa àgbà tajà ní Lọ́kọjá lẹ́yìn ogun, wọ́n ra tábìlì òyìnbó kan níbi gbàǹjo. Nígbà tí wọ́n gbé tábìlì náà délé, tí wọ́n fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀, àwo idẹ ló wà nínú rẹ̀. Bàbá ní ohun òkú ni, kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ìyá àgbà ní bí wọn ò bá tà á, ó gbọ́dọ̀ wúlò.

Mo tẹ orúkọ òyìnbó náà sínú ìwé àkọsílẹ̀ tí Ará Kàbà sọ. Orúkọ mẹ́ta ni, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ níbẹ̀. Faransé ni sàárè rẹ̀ wà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Màmá ní kí n tún ọjọ́ orí rẹ̀ kà.

Ṣọ́jà Fẹ̀yìntì (6:51)

Mọ́kàndínlógún. Ọmọdé. Ọkùnrin Ìlọrin náà ń kọ́?

Ọmọ Ìsánlú (7:20)

Ó dé ní aago méjì, bàbá. Mo fi ìwé àti aṣọ aláǹtakùn hàn án kí n lè rí ojú rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ₦60,000 di ₦150,000. Àbúrò mi tó ń pariwo ká tà á ló kọ́kọ́ sọ pé rárá. Ó ní bí owó bá lè gòkè báyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, irọ́ ni ti àkọ́kọ́.

A ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, àti ojú ewé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé náà, mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ilé lórí WhatsApp. Mẹ́dàlì wà lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dàgbà jù. Tí ará ilé òyìnbó náà bá yọjú, àwo rẹ̀ yóò lọ sílé. Tí wọn ò bá yọjú, a ti sọ ọ́ láàárín ara wa pé a ó gbé e lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́kọjá, ìlú tí tábìlì rẹ̀ ti kúrò.

Ará Kàbà (7:26)

O káre. Tí 15 January bá dé, kí ọmọ ilé tó bá fẹ́ wọ mẹ́dàlì bàbá yín so ó mọ́ àyà ọ̀tún o. Ẹni tó jà ló ń so ó mọ́ òsì.

Ọmọ Ìsánlú (7:40)

Mo ti sọ fún wọn. Àwo idẹ náà wà nínú ike báyìí pẹ̀lú àpò bàtà méje. Màmá ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń bi mí pé kí ni kí àwọn wá fi bo iyọ̀.